Ẹni tí Kò Ríran àti Ilẹ̀kùn tí Fóònù ń Tì

 

Àwọn àgbà ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran ńkọ́? Kí ni òun yóò fi ṣọ́ orí tirẹ̀? Kí ni yóò fi ṣọ́ ilé àti ẹrù rẹ̀? Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí nìyẹn.

BÍ BÀBÁ ṢE Ń ṢỌ́ ILÉ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní bàbá yìí ń gbé ní Ìjù-Odò, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, nítòsí Òkìtìpupa. Epo pupa ni bàbá ń tà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe alágbe. Ó mọ iye kẹ́ẹ̀gì epo tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí bàbá ti jẹ púpurú rẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ti ilẹ̀kùn. Yóò fi ọwọ́ wá irin ìdábùú, yóò tì í wọlé, yóò sì gbọ́ ìró rẹ̀. Yóò fi ọwọ́ fa àgádágodo wò. Nígbà náà ni yóò mọ̀ dájú pé ilé ti tì.

Bí ajá bá gbó, bàbá mọ gbígbó tí ajá ń gbó àlejò, ó sì mọ èyí tí ó ń gbó ewúrẹ́. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, bàbá á bèèrè pé, "Ta nìyẹn o?" Ohùn ẹni náà ni yóò fi dá a mọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Ọwọ́ àti etí ni bàbá fi ń ṣọ́ orí. Kò sí ẹni tí ó ń bá a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, àfi òun nìkan.

OHUN TUNTUN DÉ

Ní ọjọ́ kan, ọmọ bàbá dé láti Èkó. Ó mú ẹ̀rọ mẹ́ta wá. Èkíní ni kámẹ́rà tí ń wo ẹnu ọ̀nà tọ̀sán tòru. Èkejì ni aago ẹnu ọ̀nà. Bí àlejò bá tẹ̀ ẹ́, fóònù onílé yóò dún níbikíbi tí ó bá wà. Ẹ̀kẹta ni àgádágodo ìgbàlódé tí wọ́n ń fi fóònù tì, tí wọ́n sì ń fi fóònù ṣí.

Láti lo irú ẹ̀rọ báwọ̀nyí, ènìyàn ní láti fi ohun tí wọ́n ń pè ní áàpù sínú fóònù rẹ̀. Áàpù ni ó ń gbé iṣẹ́ tí a rán fóònù dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ.

Ọmọ náà wí pé, "Bàbá, mo fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ nípa yín. Ẹ ò ní máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri mọ́. Fóònù lẹ ó máa fi ti ilẹ̀kùn."

Bàbá dáhùn pé, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ṣùgbọ́n áàpù yìí, ṣé ó máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀?"

"Bàbá, ṣebí fóònù yín ń sọ̀rọ̀. Òun lẹ fi ń pè mí."

"Mo mọ̀ pé fóònù mi ń sọ̀rọ̀. Áàpù ni mo ń bèèrè. Ṣé òun náà máa jẹ́ kí fóònù ka òun fún mi?"

Ọmọ kò rí èsì fọ̀. Kò bi ẹni tí ó ta ẹ̀rọ fún un ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè bàbá yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa.

BÍ FÓÒNÙ ṢE Ń KÀWÉ FÚN ẸNI TÍ KÒ RÍRAN

Ó lè ya àwọn kan nínú wa lẹ́nu pé ẹni tí kò ríran ń lo fóònù olójú gíláàsì. Ó ń lò ó o, ó sì ń lò ó dáadáa. Láti ọdún 2009 ni ẹ̀rọ òǹkàwé ti wọ inú àwọn fóònù ńlá. Lórí fóònù Android, TalkBack ni orúkọ rẹ̀. Lórí iPhone, VoiceOver ni. A kì í san owó ọ̀tọ̀ fún un. Inú Settings, níbi tí wọ́n kọ Accessibility sí, ni a ti ń tan án.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ rèé. Bí bàbá bá fi ìka kan ojú fóònù, ẹ̀rọ á sọ orúkọ ohun tí ó wà lábẹ́ ìka náà. Bí ó bá fa ìka sí apá ọ̀tún, ẹ̀rọ á sọ orúkọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Bí bàbá bá dé orí èyí tí ó ń fẹ́, á fi ìka lù ú lẹ́ẹ̀méjì kíákíá. Ó ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Bí ohùn tí ó wà nínú fóònù bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, yóò ṣi ọ̀rọ̀ Yorùbá pè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ́ lára á mọ ohun tí ó ń wí.

Nǹkan kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ohun tí wọ́n bá kọ ni òǹkàwé ń kà. Bí ẹni tí ó ṣe áàpù bá ya àwòrán àgádágodo síbẹ̀, tí kò kọ orúkọ sí ìdí rẹ̀, ẹni tí ó ríran á wo àwòrán náà, á sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ti ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ òǹkàwé á kàn wí pé, "Bọ́tìnnì." Bàbá á fa ìka síwájú. "Bọ́tìnnì." Á tún fà á. "Bọ́tìnnì."

Bọ́tìnnì wo ni ó ń ti ilẹ̀kùn? Èwo ni ó ń ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé? Èwo ni ó ń pariwo tí gbogbo àdúgbò á fi jí? Bàbá kò mọ̀. Àwọn àgbà ní, "Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ." Bọ́tìnnì tí kò lórúkọ kò ní ìjánu.

ÀWA NÁÀ TI MỌ ÌYÀ YÌÍ RÍ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣòro fún wa láti mọ̀. Ẹ rántí ìgbà tí a kò tíì mọ̀wé. Ìgò méjì wà lórí pẹpẹ. Oògùn ikọ́ wà nínú ọ̀kan, oògùn kòkòrò wà nínú èkejì. Wọ́n kọ orúkọ sí wọn lára, ṣùgbọ́n lójú tiwa, bákan náà ni wọ́n rí. Ẹ̀rù ń bà wá láti fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ tún rántí lẹ́tà. Bí lẹ́tà bá dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ wa, a ní láti gbé e lọ bá ẹlòmíràn kó bá wa kà á. Bí owó bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó ti mọ̀. Bí ìjà bá wà nínú ẹbí, ó ti gbọ́. Ẹni náà lè jẹ́ ènìyàn rere, ṣùgbọ́n àṣírí wa ti kúrò lọ́wọ́ wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún bàbá tí áàpù rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Yóò ní láti pe ọmọ aládùúgbò pé, "Jọ̀wọ́, wá bá mi tẹ fóònù yìí." Yóò sọ nọ́ńbà àṣírí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọmọ náà. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ aládùúgbò lè ṣí ilé bàbá nígbà tí ó bá wù ú. Ẹ̀rọ tí a rà láti lé olè ti fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àgádágodo àtijọ́ sàn ju ìyẹn lọ.

ÀLÉÉBÙ MÁRÙN-ÚN TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

1. Bọ́tìnnì tí kò lórúkọ. A ti sọ ti èyí. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹni tí ó ṣe áàpù ni yóò kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sí ìdí àwòrán: "Ti ilẹ̀kùn." "Ṣí ilẹ̀kùn."

2. Àwọ̀ tí ń sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Nínú àwọn áàpù mìíràn, bí ilẹ̀kùn bá tì, àmì á di àwọ̀ ewé. Bí ó bá ṣí sílẹ̀, á di pupa. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹni tí kò ríran á tẹ̀ ẹ́, kò sì ní mọ̀ bóyá ilé òun ti tì. Ó yẹ kí áàpù sọ ọ́ jáde pé, "Ilẹ̀kùn ti tì."

3. Àmì tí a ní láti yà ní fọ́tò. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ, a lè ní láti fi fóònù ya àmì dúdú-funfun onígun mẹ́rin tí ó wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò ríran kò mọ ibi tí àmì náà wà. Ó yẹ kí ọ̀nà mìíràn wà, irú bíi kí ènìyàn tẹ nọ́ńbà.

4. Ìdánwò olójú àti nọ́ńbà tí kì í dúró. Àwọn áàpù kan á ní kí a wo àwòrán mẹ́sàn-án, kí a mú èyí tí mọ́tò wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn ni wá. Báwo ni ẹni tí kò ríran yóò ṣe wò ó? Òmíràn á fi nọ́ńbà ránṣẹ́, á sì pa á rẹ́ kí ẹni tí ń fi etí kàwé tó rí i tẹ̀ tán.

5. Àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé. Fóònù á dún ní òru pé, "Nǹkan ń rìn ní ẹnu ọ̀nà." Kí ni nǹkan náà? Ewúrẹ́ ni àbí olè? Ìròyìn tí ó dára á sọ pé, "Ènìyàn kan wà ní ẹnu ọ̀nà." Bí a bá sì lè gbọ́ ohùn láti inú kámẹ́rà, tí a sì lè dá a lóhùn, bàbá á tún lè bèèrè bíi ti àtijọ́ pé, "Ta nìyẹn o?"

Ìrànlọ́wọ́ kan wà fún ẹni tí kò rí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ní 2015, ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Hans Jørgen Wiberg, tí ojú òun náà kò ríran dáadáa, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé áàpù Be My Eyes jáde. Ẹni tí kò ríran á pe ẹni tí ó ríran lórí rẹ̀. Onítọ̀hún á wo ohun tí kámẹ́rà fóònù ń fi hàn, á sì ṣàlàyé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kí a má fi nọ́ńbà àṣírí ilé wa han ẹni tí a kò mọ̀ rí.

KÌ Í ṢE Ọ̀RỌ̀ ÀÁNÚ

Àwọn kan á ní, "Ẹni tí kò ríran, kí ló fẹ́ fi áàpù ṣe?" Ọ̀rọ̀ àìmọ̀ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tí kò ríran ti ń kàwé. Wọ́n bí Louis Braille ní ilẹ̀ Faransé ní 1809. Ó ń fi irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ ṣeré nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 3, irin náà gún un lójú, ojú rẹ̀ méjèèjì sì fọ́. Ní 1824, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, ó ti ṣe ìwé alámì mẹ́fà tí wọ́n ń fi ìka kà. Ìwé náà ni wọ́n ń lò káàkiri ayé títí di òní.

Ní ilẹ̀ wa náà, wọ́n dá ilé ìwé Pacelli fún àwọn ọmọ tí kò ríran sílẹ̀ ní Surulere, ní Èkó, ní 1962. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ irú àwọn ọmọ báyìí àti àwọn aláàbọ̀ ara mìíràn. Àwọn tí kò ríran ń ṣe olùkọ́, wọ́n ń ṣe lọ́yà, wọ́n ń ṣòwò. Wọ́n ní ilé, wọ́n sì ní ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí wọ́n lè tì fúnra wọn.

Àwọn tí ń ṣe áàpù kò sì lè sọ pé àwọn kò mọ bí a ti í ṣe é. Láti 1999 ni ẹgbẹ́ W3C, tí ń ṣètò bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yẹ kó rí, ti tẹ àwọn ìlànà jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà nínú rẹ̀ pé kí gbogbo àwòrán ní ọ̀rọ̀ tí ń ṣàlàyé rẹ̀, àti pé kí a má fi àwọ̀ nìkan sọ̀rọ̀.

Nàìjíríà náà ní òfin. Ní oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó kọ̀ kí a máa fi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara nítorí ipò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá rú òfin náà lè san ₦1,000,000. Ẹnìkan ṣoṣo tí ó bá rú u lè san ₦100,000, tàbí kó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí kó jẹ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe áàpù lè wà ní òkè òkun. Nítorí náà, kí òfin tó dá ẹjọ́, kí oníbàárà la ojú rẹ̀.

Ní Òkìtìpupa, yunifásítì kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ olóògbé Olusegun Agagu, ọmọ Ìjù-Odò, tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 sí 2009. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Bí ọmọ wa kan bá ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ tàbí níbòmíràn, ẹ jẹ́ kí a sọ fún un pé: "Ọmọ, bí o bá ń ṣe áàpù, fún bọ́tìnnì rẹ lórúkọ."

KÍ A TÓ SANWÓ

Bí a bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí fún ẹni tí kò ríran, kí a ṣe báyìí:

1. Ẹ mú ẹni tí ó ni ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí yóò lò ó ni kó dán an wò, kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

2. Ẹ fi áàpù náà sí fóònù rẹ̀, kí ẹ tan ẹ̀rọ òǹkàwé.

3. Ẹ jẹ́ kó fi etí nìkan ti àgádágodo, kó sì ṣí i. Kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́.

4. Ẹ bi í pé, "Ṣé ó ti tì báyìí?" Bí kò bá lè fi fóònù mọ̀, ẹ má rà á.

5. Ẹ bèèrè bóyá àgádágodo náà ní kọ́kọ́rọ́ irin pẹ̀lú.

6. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n á gbà á padà bí kò bá ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá ti rà á kí ẹ tó ka ìwé yìí ńkọ́? Ẹ má sọ ìrètí nù. TalkBack àti VoiceOver gbà kí a fún ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì tí kò lórúkọ ní orúkọ. Ẹni tí ó ríran, tí a sì fọkàn tán, á jókòó tì wá lẹ́ẹ̀kan, á sọ ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe, a ó sì kọ orúkọ sí i. Kí a tún kọ̀wé sí àwọn tí ó ṣe áàpù. Bí wọ́n bá tún áàpù ṣe, ẹ dán an wò lákọ̀tun, nítorí àtúnṣe tuntun lè ba ohun tí ó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa jẹ́.

MÁ SỌ IRIN ÌDÁBÙÚ NÙ

Kámẹ́rà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Kò lè jíṣẹ́ fún ẹni tí ó jìnnà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ará Òkìtìpupa àti agbègbè rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi wà láìsí iná ìjọba, tí ó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ àti sólà nìkan. Àgádágodo tí ń lo bátìrì náà á kú bí bátìrì bá tán.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tuntun ran ti àtijọ́ lọ́wọ́, kó má lé e lọ. Ẹ jẹ́ kí irin ìdábùú wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ajá wà níbẹ̀. Kí àárín àwa àti aládùúgbò sì dára.

ÒPIN Ọ̀RỌ̀

Bàbá wa ti Ìjù-Odò ńkọ́? Òun àti ọmọ rẹ̀ dán áàpù náà wò. "Bọ́tìnnì, bọ́tìnnì" ni ó ń wí. Ọmọ kò bínú. Ó dá a padà fún ẹni tí ó tà á, ó sì gba òmíràn tí ó ń sọ̀rọ̀, tí ó sì ní kọ́kọ́rọ́ irin. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá fi ìka fa ojú fóònù, ó lù ú lẹ́ẹ̀méjì. Fóònù sọ fún un pé ilẹ̀kùn ti tì.

Bàbá sì dìde, ó fi ọwọ́ fa ilẹ̀kùn wò.

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò gbà á gbọ́ ni?"

"Mo gbà á gbọ́, ọmọ mi. Mo kàn fẹ́ kí ọwọ́ mi náà gbọ́ ni."

Nọ́ńbà àṣírí ilẹ̀kùn náà, bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ rẹ̀ pàápàá kò bèèrè.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni bàbá fi ń mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì kí ẹ̀rọ tuntun tó dé?

2. Kí ni orúkọ ẹ̀rọ òǹkàwé tí ó wà lórí fóònù Android? Ti iPhone ńkọ́?

3. Kí ló dé tí ẹ̀rọ òǹkàwé fi ń wí pé "Bọ́tìnnì" nìkan?

4. Kí ni ewu tí ó wà nínú kí ẹlòmíràn máa bá wa tẹ nọ́ńbà àṣírí?

5. Ǹjẹ́ ẹnìkan tí kò ríran wà ní àdúgbò yín? Ẹ lọ bi í léèrè ohun tí fóònù rẹ̀ ń kà fún un àti ohun tí kì í kà. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé yín.